Kí là ń pè ní “àgíríìkì” gan-an? Bí ìwádìí ọ̀gbìn ṣe ń dé inú ìkòkò wa l'Ékòó

Ọjọ́ Sátidé kan, mo dúró níwájú ìyá kan tó ń ta èso ní ọjà Òyìngbò. Àǹtí kan dé, ó mú ìbẹ́pẹ kan, ó yí i lọ́wọ́, ó ní, “Màmá, ṣé ti ìbílẹ̀ nìyí àbí àgíríìkì?” Ìyá ní àgíríìkì ni, pé òun ló dùn jù lónìí. Àǹtí náà sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. “Ẹ má bínú mà, mi ò jẹ àgíríìkì mọ́. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un. GMO ni gbogbo ẹ̀.” Ìyá náà wò ó títí. “Ọmọ mi, oko tí wọ́n ti ká a, mo mọ̀ ọ́n. Ta ló ń gún igi lábẹ́rẹ́?”

Mi ò dá àǹtí yẹn lẹ́bi. Láti ọdún 2024 tí àgbàdo tuntun kan tí wọ́n ń pè ní TELA ti jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, tí àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábújá sì ní àwọn fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ GMO, ìyẹn ohun abẹ̀mí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀: rédíò, WhatsApp ẹbí, ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Wọ́n ti po ohun gbogbo pọ̀ bí àdàlú. Adìyẹ àgíríìkì, ìbẹ́pẹ àgíríìkì, GMO, ajílẹ̀ òyìnbó, oògùn apakòkòrò, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn èèyàn. Ohun tó sì dùn mí níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ńlá kan wà tí wọ́n ti ń fi owó ìlú ṣe láti ìgbà àwọn baba ńlá wa, iṣẹ́ tó ń bọ́ wa lójoojúmọ́, tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ ò mọ̀, tí wọ́n sì tún ń sá fún un. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ nǹkan

“Àgíríìkì” kì í ṣe orúkọ irúgbìn kankan. Orúkọ tí òyìnbó ń pe iṣẹ́ ọ̀gbìn ni a gé kúrú, tí a wá fi ń pe ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí èyí tí ìyá àgbà ń gbìn tàbí tó ń sìn: adìyẹ tó tètè tóbi, ìbẹ́pẹ tí igi rẹ̀ kúrú, àgbàdo tó ti gbó kí oṣù mẹ́rin tó pé. Ẹni tó bá pe nǹkan ní àgíríìkì kò tíì sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó kàn sọ fún wa pé kì í ṣe ti àtijọ́ ni.

Ìwádìí ọ̀gbìn ni iṣẹ́ tó bí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, torí ìyá àgbà gan-an ṣe é. Bí wọ́n bá kórè àgbàdo, wọ́n á yan èyí tó yọmọ jù, tí ọmọ rẹ̀ tò láti ìdí dé orí, wọ́n á so ó rọ̀ sókè ààrò kí èéfín máa fín in, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ebi ìbáà máa pa ilé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sè é. Òun ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí olùwádìí fi kún iṣẹ́ ìyá àgbà ni ìwé àkọsílẹ̀, ilẹ̀ ní oríṣìíríṣìí ìlú láti fi dán irúgbìn wò, àti sùúrù ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àgbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà lọ bá àgbẹ̀ lóko, kó fi ohun tí olùwádìí rí hàn án, kó sì gbé ìbéèrè àgbẹ̀ padà wá bá olùwádìí. Apá kejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí àgbẹ̀ bá ní, “Ẹ̀gẹ́ yín yìí ta lóòótọ́, àmọ́ kò ṣe é gún níyán,” ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó ń tún irúgbìn ṣe.

Bí a bá sì ní iṣẹ́ náà jẹ́ ti gbogbo ìlú, ohun tí à ń wí ni pé owó ìlú ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì ní ẹ̀tọ́ sí àbájáde rẹ̀.

Ṣé gbogbo àgíríìkì ni GMO?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe é.

Yíyàn tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan yẹn ni ọ̀nà tó dàgbà jù. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n mú àtíkè òdòdó igi kan, kí wọ́n fi kan òdòdó igi mìíràn tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, kí wọ́n wá dúró de ọmọ. Bí ìgbéyàwó ni: ọmọ kan á mú gíga bàbá, òmíràn á mú àwọ̀ ìyá. Olùwádìí á gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, á sì máa yọ èyí tí kò dáa kúrò lọ́dọọdún títí á fi ku díẹ̀.

GMO ni ọ̀nà kẹta. Àbùdá, ìyẹn ohun tó ń sọ bí ẹ̀dá ṣe máa rí, kan tàbí díẹ̀ ni wọ́n máa ń mú lára ẹ̀dá kan, tí wọ́n á fi sára òmíràn tí kì í sábà ṣe ẹbí rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn mú ìlà kan nínú oríkì ilé kan, tó fi sáàárín oríkì ilé mìíràn, tí gbogbo ìyókù sì wà bó ṣe wà. Títí di ọdún 2024 tí ariwo yìí bẹ̀rẹ̀, ohun ọ̀gbìn mẹ́ta ni ìjọba Nàìjíríà ti fọwọ́ sí kí àgbẹ̀ máa gbìn lọ́nà yìí: òwú, ẹ̀wà àti àgbàdo. Ìbẹ́pẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sí níbẹ̀. Adìyẹ àgíríìkì náà kò sí níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń yan bàbá àti ìyá rẹ̀ láti ìran dé ìran, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń fún un, ló sọ ọ́ di ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ bi ẹni tó ń sin adìyẹ ní ìbéèrè tó nítumọ̀, ẹ bi í bóyá ó ń fún wọn lóògùn apakòkòrò-àrùn láìsí àṣẹ dókítà ẹranko, àti iye ọjọ́ tó dúró kó tó tà wọ́n. Ewu tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀wà GMO ọ̀hún, SAMPEA 20-T ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Sàmárù, ní Zaria, ló ṣe é jáde ní 2019. Kòkòrò kan wà tó máa ń dá ihò sí èèpo ẹ̀wà lóko, tó sì ń jẹ ọmọ inú rẹ̀ kó tó gbó. Kí ẹ̀wà yìí tó dé, àgbẹ̀ lè fọ́n oògùn sí oko nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín ìgbà kan. Àbùdá tí wọ́n fi kún un wá láti ara ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tó ń gbé inú ilẹ̀, òun ni kòkòrò náà ò sì lè jẹ kó yè. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ wá ń fọ́n oògùn báyìí.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ èyí tó jẹ́, kó sì yan tirẹ̀. Ó sì tọ́ ká béèrè ẹni tó ni irúgbìn àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin tó dá àjọ tó ń ṣọ́ irú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ti wà láti 2015, ẹ jẹ́ ká dìde bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ká má fi ìbéèrè lórí ohun mẹ́ta ba orúkọ ẹgbẹ̀rún jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn

Kò sí ohun tó ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ará Èkó bíi gàrí.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, àwọn Potogí ló sì gbé e kọjá òkun wá sí Áfíríkà. Nígbà tó yá, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà níbí. Bí ẹ bá dé oko tí àrùn náà wà, ẹ ó rí ewé tó ká kò, tó rún bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, tí àwọ̀ yẹ́lò sì pín in jàgajàga. Ẹ wa ìdí rẹ̀, ẹ lè bá gbòǹgbò tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́. Eṣinṣin funfun kékeré kan ló ń gbé àrùn náà láti ara igi dé ara igi, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń tàn án ká láìmọ̀. Igi ọdún tó kọjá ló ń gé gbìn lọ́dún yìí. Igi tó bá ń ṣàìsàn, ọmọ rẹ̀ á ṣàìsàn.

Ní àwọn ọdún 1930, àwọn olùwádìí ìjọba ní Amani, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tanzania lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òdòdó ẹ̀gẹ́ kan òdòdó ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ igi ẹhànnà, tí kò ṣe é jẹ, àmọ́ tí àrùn ò rí gbé ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ rìn dé Moor Plantation, ọgbà ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dá IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, tí olùwádìí ará Kòríà kan, Sang Ki Hahn, sì dé síbẹ̀ ní 1971, orí ìdílé igi yẹn ló kọ́lé lé. Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní TMS 30572 jáde lára iṣẹ́ náà. Àrùn ewé ò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe, ó sì lè mú ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀yà àtijọ́ ń mú jáde. Inú àwọn ará Ìkirè dùn débi pé wọ́n fi Hahn joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ará Kòríà nínú agbádá, tí wọ́n ń lùlù fún un torí ewé ẹ̀gẹ́ tí kò ká kò mọ́. Bó bá jẹ́ èmi, màá tún yẹ́ ẹ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogun kejì ló wá le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré kan tí ara rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun dé sí Kóńgò láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń fa omi lára ẹ̀gẹ́, orí igi á sì ràn pọ̀, ewé á gbọn dànù. Kí ọdún 1980 tó pé, ó ti wọ Nàìjíríà. Oògùn ò ran nǹkan: owó rẹ̀ ju owó ẹ̀gẹ́ lọ, àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kì í sì í ṣe olówó. Ìbéèrè tí àwọn olùwádìí wá bi ara wọn rọrùn: kòkòrò yìí wà nílé rẹ̀ lọ́hùn-ún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ló dé tí kò fi pa ẹ̀gẹ́ run níbẹ̀? Wọ́n lọ wá a kiri títí wọ́n fi rí i ní Paraguay ní 1981, wọ́n sì rí ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Agbọ́n tíntín kan ni, tí kò gùn tó mìlímítà méjì. Kì í ta èèyàn. Inú ara kòkòrò funfun yẹn ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ kòkòrò náà láti inú wá síta. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ agbọ́n náà wò fínnífínní ní ìlú mìíràn kó má baà di wàhálà tuntun, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1981 kan náà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi ń tú u sórí oko ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó darí iṣẹ́ náà ní IITA, gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995.

Àgbẹ̀ ò san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn rí i pé ewé padà yọ.

Kí ló dé tí oníṣòwò ò fi ṣe é, kí ìjọba sinmi?

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn èèyàn tó gbọ́n. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára igi ẹ̀gẹ́ yẹn gan-an.

Iléeṣẹ́ aládàáni fẹ́ràn àgbàdo tí wọ́n so bàbá àti ìyá rẹ̀ pọ̀, torí bí àgbẹ̀ bá tún ọmọ rẹ̀ gbìn lọ́dún kejì, kò ní rí bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Àgbẹ̀ á padà wá rà. Owó ń wọlé lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ á lè san owó àwọn olùwádìí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan rí.

Igi ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ gé e sí kéékèèké, kí kọ̀ọ̀kan ní ojú márùn-ún sí méje tí ewé ti lè hù, ẹ gbìn ín. Ní ọdún tó ń bọ̀, ìdì kan á ti di nǹkan bí ìdì mẹ́wàá. Ẹ fún àna yín ní méjì, ọ̀rẹ́ yín wá bù mẹ́ta, ti ṣọ́ọ̀ṣì bu ọ̀kan. Ta ló tún kù tó máa padà lọ rà á lọ́wọ́ oníṣòwò? Agbọ́n ńkọ́? Kò mọ ọgbà ẹni tó sanwó yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò san. Ohun tí gbogbo ayé ń jẹ níbẹ̀, tí ẹnì kan ò lè dá dí ọ̀nà rẹ̀ kó gba owó ibodè, oníṣòwò kì í ná owó ogún ọdún sí i. Kì í ṣe pé ó burú, ọmọ òun náà á jẹun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ìlú ò bá ṣe é, kò sí ẹni tó máa ṣe é.

Èbúté Mẹ́ta, 1887

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà Èkó, wọ́n dá ọgbà ìwádìí igi àti ewéko sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tí àwa tó ń gbé Mainland ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Wọ́n ń hu ọmọ kókó, kọfí àti àwọn igi mìíràn níbẹ̀, wọ́n ń wo èyí tí ilẹ̀ wa gbà, wọ́n sì ń pín in fún àwọn tó fẹ́ dáko.

Lóòótọ́, J. P. L. Davies ti gbin kókó ṣáájú, ní oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní nǹkan bí 1880. Olówó ni, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ó lè fi owó ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége yòókù wá sọ kókó di iṣẹ́ gidi. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni àwọn alágbàṣe. Wọ́n wá láti òkè, láti ọ̀nà Ìbàdàn, Èkìtì, Ondó, wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ Agége, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, bí wọ́n ṣe ń da ewé bò ó kó lè kan, bí wọ́n ṣe ń sá a. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, kókó wà nínú ẹrù wọn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àgbẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní lẹ́tà iṣẹ́.

Owó kókó yẹn wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí, àwọn òbí wa ló jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tí àrùn sì dìde sí kókó, ìwádìí tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ ló dúró tì í, iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ìwádìí kókó, CRIN, ń ṣe ní Ìbàdàn láti 1964.

Èkó ò ní oko púpọ̀, kí ló wá kàn wá?

Ẹ bá mi dé Mákòkó. Àbúrò ìyá mi ń yan ẹja níbẹ̀. Àgbá onírin tí wọ́n gé sí méjì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tẹ́ wáyà lé lórí, tí wọ́n á wá kó ìrẹ́pẹ́ pákó láti Òkóbàbá sí abẹ́ rẹ̀. Èéfín á bo ojú wọn. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí àrọ̀ padà, wọ́n á yára fà á sẹ́yìn, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Bí wọ́n bá fun imú sínú àkísà aṣọ lálẹ́, dúdú ló máa ń jáde. Apá kan ẹja á jóná, apá kan á tutù, èyí tó tutù á sì bu láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja dá owó jọ, wọ́n kan ààrò ìgbàlódé kan. Ó rí bíi kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Dúróòwà èédú wà nísàlẹ̀, atẹ́ wáyà mẹ́ta, mẹ́rin wà lókè ara wọn, abọ́ kan wà tó ń gba ọ̀rá tó bá kán kó má baà bọ́ sínú iná, èéfín sì ń gba ọ̀pá jáde lókè. Ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Àǹtí mi ní èédú tí òun ń lò dín kù, ẹja òun á sì gbẹ kárí. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi lákọ̀ọ́kọ́ kì í ṣe ti owó. Wọ́n ní, “Ojú mi ò ta mí mọ́ lóru.”

Irú ààrò bẹ́ẹ̀ kò já bọ́ láti ọ̀run. NSPRI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí bí ohun ọ̀gbìn ṣe lè pẹ́ láìbàjẹ́, ti ṣe irú rẹ̀ jáde. NIOMR tó ń wádìí òkun àti ẹja náà ti ṣe tiwọn. Ẹ̀ka NSPRI wà ní Yaba, NIOMR wà ní Victoria Island. Àwọn tó ń gun dánfó kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé ti ẹja Mákòkó ni wọ́n ń rò nínú ilé yẹn.

Ní Oshòdì, FIIRO ti wà láti 1956. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe sóyà-ògì, ògì tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ẹ̀wà sóyà kí ọmọ kékeré má baà kún nínú láìrí ohun tí ara rẹ̀ nílò. Bí ẹ bá ti rí ìyá tó ń lọ sóyà mọ́ ògì ọmọ rẹ̀ ní Mushin, ọgbọ́n tó ti ibẹ̀ tàn ká ló ń lò, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ilé náà.

Ẹ̀wà inú ilé yín ńkọ́? Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àwọn tó ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kí wọ́n tó tà á. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti ti Kamẹrúùnù ti ń ṣiṣẹ́ lórí àpò onípele mẹ́ta: ọ̀rá nípọn méjì nínú àpò kan. Ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ sí i, ẹ fún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin, ẹ dì í. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, á sì kú. Kò sí oògùn kankan. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ sì dí pa, tí ẹ kún fọ́fọ́, lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ẹ̀wà ilé.

Ti ẹ̀pà àti àgbàdo tó ń bu náà wà níbẹ̀. Májèlé wà nínú olú tó máa ń hù sí wọn lára, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. IITA àti ẹ̀ka ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe: olú tó jẹ́ ẹbí ti májèlé yẹn, àmọ́ tí kò ní májèlé, ni àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko ṣáájú. Ó dà bí dánfó tí àwọn èrò rere ti jókòó kún, tí jáguda bá dé, kò ní rí ibi jókòó.

Ibi tí okùn ti já

Bí gbogbo èyí bá wà, kí ló dé tí oúnjẹ ṣì wọ́n, tí àgbẹ̀ ṣì ń jìyà? Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á, ọ̀nà tí kò dáa, epo, ààbò. Ṣùgbọ́n èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé ẹni tó yẹ kó gbé ìmọ̀ láti ilé ìwádìí dé oko kò tó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ló ń dúró de òṣìṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ náà lè má ní ọ̀kadà, ó lè má rí owó epo gbà.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Bàbá mi sin adìyẹ ìbílẹ̀ bí ogójì sí ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, mẹ́ta nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìyẹ́, ọrùn wọn yí sẹ́yìn, ìgbẹ́ wọn di àwọ̀ ewé. Lúkúlúkú ni. Bàbá mi pe ọ́fíìsì kan tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀. Wọ́n tún pè lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà wá. Ní ọjọ́ kẹfà, méjì ló kù. Bàbá mi gbẹ́ ihò sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń kó wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà lúkúlúkú wà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó wà ní Vom, ní Plateau, ń ṣe é. Owó rẹ̀ lórí adìyẹ kan kéré gan-an. Ohun tó pa adìyẹ bàbá mi ni pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn, kí àrùn tó dé, pé ó wà. Tí adìyẹ bá ti ń yí ọrùn, ó ti pẹ́ jù.

Ní 2003, ní Maputo, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn á máa lọ sí iṣẹ́ ọ̀gbìn. Wọ́n tún ìlérí náà ṣe ní Malabo ní 2014. Nàìjíríà ò tíì mú un ṣẹ. Ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gé bí owó bá dín, torí kò sí ẹni tó máa jáde sí títì ṣe wọ́de nítorí agbọ́n kékeré. Bí ẹni tí ẹ dìbò fún bá wá sí àdúgbò yín, ẹ bi í ní èyí: òṣìṣẹ́ mélòó ló ń bá àwọn àgbẹ̀ Èkó ṣiṣẹ́, wọ́n sì rí owó epo gbà bí?

Ibo lèèyàn lè gbà wọlé?

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ kékeré tàbí tó ń sin nǹkan l'Ékòó, kó lọ sí ọ́fíìsì ètò ìdàgbàsókè ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ ní Òkò-Ọba, Agége. Kó lọ fúnra rẹ̀, kó má kàn pe fóònù. Kó mú fọ́tò ewé tàbí ẹran tó ń ṣàìsàn dání, kó sì béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe oúnjẹ tà, FIIRO ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú àpò, kó lọ bá àwọn NSPRI ní Yaba. Ẹ béèrè orúkọ ẹ̀yà kí ẹ tó ra irúgbìn, ẹ má gba “àgíríìkì ni” lásán.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìpájà lọ ra ìdì igi ẹ̀gẹ́ méjì nínú èyí tí inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ní fítámì Éè, tí wọ́n fi lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 2011. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kò tó púlọ́ọ̀tì kan, ló gbìn ín sí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó ti wa díẹ̀, gàrí tó dín látinú rẹ̀ pọ́n láìfi epo sí i. Àwọn aládùúgbò mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdá, wọ́n ń gé igi lọ sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, “Bọ̀dá, èló ni?” Ọ̀rẹ́ mi ní kó kàn máa gé e ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́, kó má fi kọjá ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbìn ín.